Ẹni Tó Wá Mi Dé Ẹnu Géètì Ilé Iṣẹ́: Ìdágbére fún Olùkọ́ Wa, Ìyáàfin Olúfúnmiláyọ̀ Abẹ́gúndé

Áà, Màámi Abẹ́gúndé! Ẹ ti lọ lóòótọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ sì ti fi wá sílẹ̀. Ohùn yín tí a máa ń gbọ́ láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ti dákẹ́. Olùkọ́ tòótọ́, ìyá ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹ kò bí, a dárò yín, orí wa sì wú pé a mọ̀ yín.

Bùkọ́lá, ọmọ yín kan ṣoṣo, ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ fún un pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wà, àwọn ará ìjọ yín wà, àwọn ẹbí yín sì ń bọ̀ láti Èkìtì, kí ló dé tó fi jẹ́ pé èmi Rùkáyà, ọmọ Mùsùlùmí láti Agége, ni yóò kọ̀wé sínú ìwé ìsìnkú Màámi? Ó ní ẹ̀yin gan-an lẹ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ó ní ẹ sọ pé Rùkáyà kì í purọ́, kì í sì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Ti èkejì yẹn ni n kò lè ṣèlérí lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn tí ẹ kò mọ iṣẹ́ tí Màámi ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọgbà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kẹ́mísìrì láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú wa, àwọn náà sì ni ọ̀gá kíláàsì àwọn ọmọ ọdún àṣekágbá, ìyẹn àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n ní iṣẹ́ wọn, wọn kì í dárúkọ Kẹ́mísìrì. Wọn á ní, "Mò ń bá àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ọdún àṣekágbá wọn ni." Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń ran ọmọ lọ́wọ́ kó lè parí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni Màámi gbájú mọ́. Ọmọ tó bá fi ìpayà bẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, wọ́n ní ìpayà náà ni yóò máa kà títí di ọjọ́ ìdánwò, kò ní ráyè ka ìwé.

Màámi, ta ni yóò gbàgbé bàtà kánfáàsì funfun yín? Bí ìsinmi gígùn bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó parí, ẹ ó wọ bàtà yẹn sábẹ́ ìró àti bùbá, ẹ ó gbé báàgì dúdú yín kọ́ apá, ẹ ó sì máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, láti Ọgbà dé Agége, láti Agége dé Abúlé Ẹ̀gbá, títí ẹ ó fi dé ilé gbogbo ọmọ tó fẹ́ wọ kíláàsì yín. Ẹ kì í gba mínírà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, omi tútù nìkan lẹ máa ń gbà. Ẹ ó kí bàbá, ẹ ó kí ìyá, ẹ ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ yòókù. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí ọmọ yìí á ti máa kàwé hàn mí."

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń rẹ́rìn-ín. Inú yàrá kan tí ènìyàn méje ń sùn, níbo ni wọ́n fẹ́ fi hàn yín? Ṣùgbọ́n ẹ kì í kúrò níbẹ̀ títí ibì kan yóò fi yọjú. Mo mọ ọmọkùnrin kan tí ẹ bá a rí àyè lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí ẹni tó nilé sì ní kí wọ́n fa iná gílóòbù kan síbẹ̀. Mo mọ òmíràn tó jẹ́ pé ẹ̀yin, ọmọ ìjọ láti Èkìtì, lẹ lọ bá lèmọ́mù àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà máa kàwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Àsárì. Lèmọ́mù gbà, ó tún ní kí wọ́n gbé àga fún un.

Ẹ le o, Màámi. N kò ní sọ pé ẹ ò le. Ọmọ tó bá pẹ́ lẹ́yìn yín wọ kíláàsì, ìta ni yóò ti gbọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Bí inú bá bí yín, Èkìtì lẹ máa ń sọ, àwa tí òbí wa ti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kì í sì í gbọ́ ju ìdajì lọ, ìdajì yẹn náà sì máa ń tó wa. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo wà lọ́dọ̀ yín, ẹ fẹ̀sùn kan ọmọbìnrin kan pé ó wo ìwé ẹlòmíràn nígbà ìdánwò kékeré, ó sunkún títí, ẹ ò gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ wá rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Ẹ ò pè é sí kọ̀rọ̀. Ẹ dúró níwájú gbogbo wa, ẹ ní, "Mo ṣì ọ́ mú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni. Má bínú sí mi." Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti bẹ̀rù yín mọ́. Ọ̀wọ̀ ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi.

Bàbá mi ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ìkẹjà, òun ló máa ń wa ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá ibẹ̀. Ọdún tí mo fẹ́ wọ kíláàsì ìkẹyìn ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ìyá mi ń ta búrẹ́dì nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Agége, ìyẹn la sì ń jẹ. Nígbà ìsinmi gígùn, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan bá mi wá iṣẹ́ ojúmọ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, mo ń to bísíkíìtì sínú páálí. Nígbà tí ẹ wá sílé wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín, ẹ ò bá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyá mi wà nídìí búrẹ́dì, bàbá mi ti jáde lọ wá iṣẹ́, èmi sì wà nídìí bísíkíìtì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún alájọgbé wa pé ẹ ó padà wá. Mo gbọ́, n kò sì sọ fún bàbá mi.

Ilé ẹ̀kọ́ wọlé lọ́jọ́ Ajé. Mo wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́, mo fi àwọ̀n di irun mi, mo lọ to bísíkíìtì. Ohun tí mo sọ fún gbogbo ènìyàn ni pé bàbá mi kò níṣẹ́ lọ́wọ́, pé mo fẹ́ ran ilé lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn, nítorí òótọ́ ni.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí a jáde, mo rí yín lórí bẹ́ńṣì ẹ̀ṣọ́ géètì, alájọgbé wa ló júwe ibẹ̀ fún yín. Báàgì yín wà lórí itan yín, ẹ ń fi ìwé kan fẹ́ atẹ́gùn sí ara yín. Ẹ̀ṣọ́ náà ti dìde fún yín, òun ló wà lórí ìdúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo máa gba ẹ̀yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sá lọ, ṣùgbọ́n ẹ ti rí mi.

Ẹ ò pariwo. Ẹ ní, "Rùkáyà, mo pe orúkọ rẹ láàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò dáhùn."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ni."

"Mo rí i." Ẹ gbé báàgì yín kọ́ apá. "Ṣé iṣẹ́ yìí ló wù ọ́, àbí ìdánwò ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Màámi, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ní ọdún tó ṣáájú, èmi ni mo gbẹ́yìn nínú Kẹ́mísìrì tí ẹ ń kọ́ wa. Díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n ní kí n tún kíláàsì ṣe. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ "ìwé mẹ́wàá", mo máa ń wá ọ̀nà sá kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ bísíkíìtì yẹn, ibi ìsápamọ́ ló jẹ́ fún mi. Omijé ló dáhùn. Ẹ nu ojú mi pẹ̀lú ìbòrí yín, ẹ ní ká máa lọ sílé.

Ẹ bá bàbá mi níwájú ilé. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, nítorí ó jù yín lọ dáadáa, ẹ sì wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní kí ẹ dìde, ẹ ò dìde. Ẹ ṣàlàyé pé ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé, pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ohun gbogbo máa ń dúró lé, pé ọmọ tó bá pàdánù rẹ̀ á máa sá tẹ̀lé àwọn yòókù títí ọdún á fi parí. Ẹ ò sọ ohun tí omijé mi sọ fún yín ní géètì. Ẹ pa á mọ́ fún mi.

Bàbá mi ní, "Olùkọ́, mo gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan péré, a ó dá a padà."

Ẹ ní, "Bàbá, ọdún kan péré yẹn náà ni mo wá tọrọ. Ẹ fún mi. Tí mo bá fi ṣòfò, ẹ mú un lọ sí ilé iṣẹ́ tó bá wù yín, mi ò ní yọjú síbí mọ́."

Bàbá mi wá béèrè ohun kan tó jẹ́ kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ẹ̀rù ń bà. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé ọmọ mi lè ṣe é?"

Ẹ ní, "Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Èmi ni mo ń kọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n."

Ìyá mi ló fòpin sí i. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà látìgbà yẹn. Kí ẹ tó béèrè ibi tí n ó ti máa kàwé, ó ní tí búrẹ́dì bá ti tán lọ́sàn-án, tábìlì rẹ̀ ṣófo, òun á máa nù ún mọ́ dè mí. Bàbá mi wò ó, ó wò yín, ó ní kò burú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi. N kò rí i kó lọ aṣọ rí.

Nígbà tí mo dé kíláàsì, ẹ fún mi ní ìwé tí ẹ ti pín fún àwọn yòókù. Gbogbo iṣẹ́ Kẹ́mísìrì tí a máa ṣe fún ìdánwò ló wà nínú rẹ̀, láti orí ìkíní dé ìkẹyìn. Àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ. Ẹ̀yin ní kí n fi àmì sí ohun tí mo mọ̀. Mẹ́rin péré ni mo rí fi àmì sí. Mo fi ọwọ́ bo ìwé náà, ojú ń tì mí. Ẹ gbé ọwọ́ mi kúrò, ẹ kà á, ẹ ní, "Mẹ́rin kì í ṣe òdo. Láti ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀." Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ fi ń bi mí ní ohun tí mo ti mọ̀, níwájú gbogbo kíláàsì, títí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, èmi tí mo gbẹ́yìn. Nígbà tí ẹ wá mú mi dé ohun tí n kò mọ̀, mo ti gbàgbé láti bẹ̀rù.

Ọdún yẹn kò rọrùn. Gbogbo ìwé mi ló ń rùn bíi búrẹ́dì. Òjò máa ń pa mí lórí tábìlì yẹn. Ṣùgbọ́n mo ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, mo sì yege nínú gbogbo rẹ̀. Kẹ́mísìrì mi kọ́ ló dára jù ní kíláàsì, ẹlòmíràn ló gba ìyẹn, àmọ́ ó gbé mi wọ fásitì. Ọjọ́ tí èsì jáde, bàbá mi fi ẹsẹ̀ rìn láti Agége dé ilé yín ní Ọgbà, búrẹ́dì gbígbóná méjì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ sáré dì í mú, ẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín jìjàkadì lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará ilé yín rò pé ìjà ni.

Lónìí, yàrá àyẹ̀wò ni mo wà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oògùn ní Ìkẹjà. Kò sí oògùn tó ń jáde níbẹ̀ tí a kò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí dókítà ní kí ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ilé iṣẹ́ wa lẹ yàn. Ìtìjú ńlá lẹ kó bá mi nítorí oògùn yẹn! Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní báńkì, lọ́dọ̀ oníṣòwò, ẹ ó yọ páálí rẹ̀ jáde nínú báàgì, ẹ ó ní, "Ọmọ mi ló yẹ èyí wò kó tó dé ọwọ́ mi." Mo ṣàlàyé fún yín pé a pọ̀ níbẹ̀, pé ó lè má jẹ́ èmi ni mo yẹ páálí yẹn wò. Ẹ ní kí n panu mọ́.

Ẹ fẹ̀yìn tì, a rò pé ẹ ó sinmi. Ẹ sọ fún ilé ẹ̀kọ́ pé kíláàsì nìkan lẹ kúrò, ẹ ò kúrò lọ́nà. Ọdọọdún lẹ ṣì ń gba orúkọ àwọn ọmọ tó ń wọ ọdún àṣekágbá lọ́wọ́ àwọn tó rọ́pò yín, ẹ sì ń lọ sílé wọn. Nígbà ìsinmi tó kọjá yìí, ẹsẹ̀ yín ti ń wú, èémí yín sì ti ń kúrú. Ẹ pè mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan pé kí n fi ọkọ̀ mi gbé yín dé Abúlé Ẹ̀gbá. Ó ku ilé kan.

Ọmọ náà ń jẹ́ Tọ́pẹ́. Lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń ṣe irun ló ń gbé, ní àjà kẹta. Mo ní kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀, mo gòkè lọ. Àǹtí náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní Tọ́pẹ́ kò lè wọlé lọ́sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá ṣí, oníbàárà pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó di bí oṣù kan kó tó lọ. Tọ́pẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, ó kọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sọ fún yín.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ di èjìká mi mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gun àtẹ̀gùn. Ní àjà kìíní, ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹ sinmi. Ní àjà kejì, mo bẹ̀ yín pé ká padà, ẹ ní kí n má fi èémí yín ṣòfò. Nígbà tí a dé òkè, ẹ ò lè sọ̀rọ̀. Àǹtí Tọ́pẹ́ sáré gbé àga, ó bu omi wá, ẹ mu ún. Ó wò yín, ó ní, "Mà, kí ló tó báyìí? Ọmọ tí kì í ṣe ọmọ yín?"

Ẹ ní, "Mo wá gbọ́ ọjọ́ tó máa wọlé lẹ́nu yín ni."

Obìnrin náà gba ife omi lọ́wọ́ yín. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí géètì, Mà."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé yín dé ilé ìwòsàn. Mo ti bi ara mi lọ́pọ̀ ìgbà bóyá ó yẹ kí n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn pa lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ fún Bùkọ́lá, mo ń retí kó bínú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin á dá wọ kẹ̀kẹ́ padà lọ lọ́jọ́ kejì. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, ó ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n wọlé, mo gba ilé ẹ̀kọ́ kọjá kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Tọ́pẹ́ ti wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ń dán, àǹtí rẹ̀ ló dì í fún un. Mo wá sọ fún yín lọ́sàn-án níbi ibùsùn yín. Ẹ béèrè ẹni tó jókòó tì í. Mo ní n kò mọ̀. Ẹ ní ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ wò nìyẹn, nítorí ọmọ tó jókòó nìkan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í béèrè ìbéèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo padà lọ wò ó lọ́jọ́ kejì, mo sì jíṣẹ́ fún yín: ọmọ kan tó mọ Ìṣirò dáadáa ni. Ẹ ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ pọ̀ tí a tún sọ lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ èyí ni mo dì mú.

Màámi, àwọn ọmọ ọdún àṣekágbá fẹ́ wá sin yín lónìí. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ Ẹtì kan péré, kí gbogbo wọn wọ yúnífọ́ọ̀mù tẹ̀lé yín dé ibojì. Ọ̀gá ti fẹ́ gbà. Èmi àti Bùkọ́lá la lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbà. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ kò bá rí yúnífọ́ọ̀mù kankan láàárín wa, ẹ má rò pé wọn kò fẹ́ràn Màámi. Bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, inú kíláàsì ni wọ́n wà, gbogbo wọn pátá, Kẹ́mísìrì ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ máa sùn re, Màámi Abẹ́gúndé. Ẹ sùn re, olùkọ́ rere. Ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́.

Ọmọ yín,
Rùkáyà